Ẹyẹ àkókó tó sọnù nínú Romulus àti Remus: kí ló yẹ ká retí lọ́wọ́ ẹni tó ń fọwọ́ ya ẹ̀dà iṣẹ́ àtijọ́?

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, mo san owó fún ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀dà àwòrán àtijọ́ fún títà, pé kí wọ́n bá mi fọwọ́ ya ẹ̀dà Romulus àti Remus, àwòrán àwọn ìbejì inú ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ìlú Róòmù, èyí tí Peter Paul Rubens, ayàwòrán ará Antwerp ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, yà ní nǹkan bí ọdún 1615 sí 1616, tó wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Capitoline ní ìlú Róòmù. Inú ìwé kan ni mo ti kọ́kọ́ rí i nígbà tí mo wà nínú oyún àwọn ọmọ mi, kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà: ìkookò dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, àwọn ọmọ ọwọ́ méjì wà níhòòhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀, darandaran kan sì ń yọ bọ̀ láti apá ọ̀tún, kò tíì mọ ohun tí ojú òun fẹ́ rí.

Àwòrán náà dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ọmọ yẹn dára, mi ò ní purọ́. Ara wọn rọ̀ lójú, èèyàn sì lè rí ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fọ́tò ojúlówó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo rí i pé ẹyẹ tó wà lára igi lókè wọn ti di nǹkan mìíràn. Ẹyẹ àkókó ni Rubens yà. Èyí tó wà nínú tèmi ní àgógó ẹnu kúkúrú tó tẹ̀ wálẹ̀ bí ti odídẹrẹ́. Bàbá àgbà tó jókòó lápá òsì pẹ̀lú ọ̀dọ́mọbìnrin kan, tí ìkòkò omi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ti di arúgbó lásán tó fara ti òkúta. Ìkòkò kò sí mọ́, omi tó ń dà níbẹ̀ kò sì sí.

Mo kọ̀wé sí wọn. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í bá ojúlówó mu tán pátápátá. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìbéèrè mi pé méjì. Èkíní, ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tún ẹyẹ náà yà, àbí èmi ni mo ń tọ́ pinpin? Èkejì, ògiri tó kọjú sí èyí ṣì ṣófo, mo sì fẹ́ gbé àwòrán mìíràn láti inú ìtàn ìwáṣẹ̀ Róòmù kọ́ síbẹ̀, yálà ti àwọn obìnrin Sábínì tàbí ti Lucretia. Iṣẹ́ ta ni ẹ máa ní kí n yàn nínú àwọn ayàwòrán ìgbà Baroque, ìyẹn àwọn ará Yúróòpù ìgbà Rubens, báwo ni mo sì ṣe máa bá ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí irú èyí má bàa tún ṣẹlẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Látìn (Ilé-Ifẹ̀)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrójú. Ẹ kò tọ́ pinpin rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà ní kúkúrú, nítorí inú rẹ̀ ni ìdí tí ẹyẹ yẹn fi ṣe pàtàkì wà.

Titus Livius, òpìtàn Róòmù, kọ ọ́ pé Amulius gba ìtẹ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Numitor lọ́wọ́, ó sì sọ Rhea Silvia, ọmọbìnrin Numitor, di ọ̀kan nínú àwọn wúńdíá tó ń tọ́jú iná òrìṣà Vesta, kí ó má bàa bí ọmọ tí yóò wá gba ẹ̀tọ́ bàbá àgbà rẹ̀. Rhea Silvia bí ìbejì síbẹ̀, ó sì ní Mars, òrìṣà ogun, ni bàbá wọn. Ọba pàṣẹ pé kí wọ́n lọ da àwọn ọmọ náà sínú odò Tiber. Odò kún àkúnya lákòókò náà, àwọn ìránṣẹ́ kò sì lè dé ojú ibú, wọ́n kàn gbé àwọn ọmọ náà sílẹ̀ létí omi tí kò jìn. Nígbà tí omi fà, agbọ̀n wọn gúnlẹ̀ lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ kan. Ibẹ̀ ni ìkookò ti fún wọn lọ́mú, ibẹ̀ náà sì ni darandaran Faustulus ti rí wọn tó fi gbé wọn lọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ẹranko méjì ni àwọn ará Róòmù kà sí ti Mars: ìkookò àti ẹyẹ àkókó. Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì àtijọ́, náà kọ ọ́ pé ẹyẹ yìí bá ìkookò bọ́ àwọn ọmọ náà, ó sì ń ṣọ́ wọn. Mars fúnra rẹ̀ kò sí nínú àwòrán Rubens. Ìkookò àti ẹyẹ ló fi sọ fún wa pé bàbá wọn wà nítòsí. Ẹni tó bá sọ àkókó di odídẹrẹ́, ó ti yọ bàbá ọmọ kúrò nínú àwòrán. Bákan náà ni arúgbó apá òsì: odò Tiber fúnra rẹ̀ ni, ìkòkò tí omi ń dà nínú rẹ̀ la sì fi ń mọ òrìṣà odò nínú iṣẹ́ ọnà àwọn ará Yúróòpù. Bí ìkòkò bá ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí ìkookò tí ó yẹ kí ayàwòrán tó jẹ́ Yorùbá ṣọ́ra fún. Ìkookò ni Bíbélì wa fi túmọ̀ orúkọ ẹranko yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìkookò tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa mọ̀ ni èyí tí ìdí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju èjìká lọ, tí ara rẹ̀ sì ní àmì tótòtó. Ẹranko ti Róòmù sún mọ́ ajá ńlá. Rubens kò fi orí ara rẹ̀ dá ìrísí rẹ̀: ó gbé Ítálì láti ọdún 1600 sí 1608, ó sì ya ìkookò àti àwọn ìbejì náà sí ìwé láti ara ère òkúta àtijọ́ kan tó dúró fún odò Tiber, tí wọ́n hú jáde ní Róòmù ní ọdún 1512, tó sì wà ní Vatican nígbà náà. Ère yẹn ti wà ní Louvre ní Párísì báyìí.

Ọlọ́dà Èkó

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi bí ẹni tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Ẹ̀dà iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni mo ń yà jù, mo sì ti ṣe irú àṣìṣe tí ẹ ń sọ yìí rí, ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, nígbà tí mo ya idà sí ọwọ́ ọkùnrin kan tó jẹ́ pé ọ̀pá ni ó dì mú, nítorí pé ibẹ̀ ṣókùnkùn nínú fọ́tò tí oníbàárà fi ránṣẹ́. Láti ìgbà náà, n kì í fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì kí n tó mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán. Mo máa ń kọ wọ́n sílẹ̀ sínú ìwé: ta nìyí, kí ló mú dání, ibo ló ń wò, kí ni òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Bí mo bá kọ "ẹyẹ" lásán, iṣẹ́ kò tíì yá. Mo gbọ́dọ̀ kọ "ẹyẹ àkókó".

Ohun tó sábà ń fa àṣìṣe báyìí nìyí. Ilé iṣẹ́ ńlá kì í jẹ́ kí ẹnì kan ṣe àwòrán kan tán. Ẹnì kan ń ya ojú àti ọwọ́, ẹlòmíràn ń ya igi àti ojú ọ̀run, ẹni kẹta ń ya aṣọ. Ẹ rí i pé àwọn ọmọ yín dára, ẹyẹ ni kò dára: ó dá mi lójú pé ọwọ́ tó ya ọmọ kọ́ ló ya igi. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ jù lọ lágbàáyé ni abúlé Dafen ní Shenzhen, ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí oníṣòwò kan láti Hong Kong, Huang Jiang, ti kó àwọn ayàwòrán jọ ní ọdún 1989. Mo ti rí iṣẹ́ tó dára gan-an láti ibẹ̀, mo sì ti rí èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ìlú tí wọ́n ti yà á. Ti ẹni tó ń bójú tó gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé pípín iṣẹ́ fún ọwọ́ púpọ̀ jẹ́ àbùkù òde òní. Rubens fúnra rẹ̀ ń ṣe é ní Antwerp. Ní ọdún 1618, ó kọ lẹ́tà sí Sir Dudley Carleton, aṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní The Hague, tó fẹ́ fi àwọn ère òkúta àtijọ́ rẹ̀ gba àwòrán pààrọ̀. Nínú lẹ́tà yẹn, ó to àwọn àwòrán tó ní nílé lẹ́sẹẹsẹ, ó sì sọ èyí tí òun fọwọ́ ara òun yà látòkè délẹ̀, àti èyí tí ọmọ ẹ̀kọ́ òun bẹ̀rẹ̀ tí òun parí. Ohun tó mú kí iṣẹ́ ilé rẹ̀ dúró déédéé ni pé ẹni tó mọ ìtàn náà ló ń fi ọwọ́ ìkẹyìn kàn án. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo mú: bí mo bá tilẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ mi ní igi yà, èmi ni mo ń parí ẹyẹ.

Bàbá Férémù (Abẹ́òkúta)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọgbọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kan férémù, mo sì fẹ́ béèrè ohun mẹ́ta.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òde òní lè tẹ àwòrán yìí sórí kánfáàsì láàárín wákàtí kan, ẹyẹ àkókó á sì jẹ́ ẹyẹ àkókó gẹ́lẹ́. Kí ló dé tí èèyàn á fi san owó tabua fún ọwọ́ tó lè ṣi ẹyẹ yà? Èkejì, Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ pé nígbà tí àwọn ọmọ yìí dàgbà tí wọ́n ń kọ́ ìlú, Romulus ni ó pa Remus. Ṣé ó yẹ kí a gbé ìtàn bẹ́ẹ̀ kọ́ sí ilé tí ìbejì ń gbé? Ẹ̀kẹta, fún ògiri kejì, mo rí àwòrán kan tí àwọn arákùnrin mẹ́ta na ọwọ́ sí idà tí bàbá wọn gbé sókè. Ìtàn Róòmù ni, ó sì dúró ṣinṣin nínú férémù. Ẹ ò ṣe wo ìyẹn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Ẹ má bínú pé mo fẹ́ tún ọ̀kan ṣe. Àwòrán àwọn arákùnrin mẹ́ta tí ẹ sọ yẹn jẹ́ ti Jacques-Louis David, ọdún 1784 ló sì yà á. Ìgbà Baroque ti kọjá nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán rẹ̀ lórí àwọn obìnrin Sábínì, ti ọdún 1799. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti ọdún nìkan, nítorí bí ẹ bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ Rubens nínú yàrá kan, wọn kò ní bára wọn sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn David dúró bí ère, etí ara wọn mú bí ọ̀bẹ, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lára wọn. Nínú ti Baroque, ara ń yí, aṣọ ń fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń já gba inú òkùnkùn wọlé, èèyàn sì ń rò pé bí òun bá ṣẹ́jú, wọ́n á ti kúrò lójú kan.

Mo máa ń lọ wo àwọn obìnrin Sábínì ti Rubens ní National Gallery níbí. Ó yà á ní nǹkan bí ọdún 1635 sí 1640. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀: aṣọ ìgbà Rubens ni àwọn obìnrin náà wọ̀, aṣọ ṣẹ́dà tó ń dán, irú èyí tí àwọn ìyàwó olówó ń wọ̀ ní Antwerp. Wọn kò wọ aṣọ Róòmù àtijọ́ rárá. Mo ti rí ẹ̀dà kan tí ẹni tó yà á "tún" aṣọ náà "ṣe", tó wọ gbogbo wọn ní aṣọ funfun gbọọrọ bí ti inú fíìmù. Ó rò pé òun ń ran Rubens lọ́wọ́. Ẹ̀rù tó wà lójú àwọn obìnrin yẹn wá di ti àwọn ará ìgbà àtijọ́ tí kò kàn wá, bẹ́ẹ̀ ohun tí Rubens ṣe ni pé ó mú kí àwọn obìnrin ìlú rẹ̀ rí ara wọn níbẹ̀.

Lórí àfiwé ọwọ́ àti ẹ̀rọ, màá fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́dà. Ohun tí mo kàn fẹ́ rán wa létí ni pé ẹ̀dà yíyà kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Rubens fúnra rẹ̀ jókòó ní Madrid ní ọdún 1628 sí 1629, ó ń ya ẹ̀dà iṣẹ́ Titian, ayàwòrán Ítálì tó ti kú ṣáájú rẹ̀, nígbà tí òun náà ti lókìkí káàkiri Yúróòpù. Aina Onabolu, ayàwòrán tiwa, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1882, nípa yíya ẹ̀dà àwọn àwòrán inú ìwé òkè òkun ló ti kọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ kó tó rí ilé ẹ̀kọ́ ọnà kankan.

Ọlọ́dà Èkó

Bàbá Férémù, ìbéèrè yín àkọ́kọ́ tọ́, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹyẹ nìkan ni èèyàn fẹ́, kí ó lọ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń fi àwọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ ìkejì ni. Àwọn ayàwòrán wọ̀nyí ń fi àwọ̀ kan sórí ìkejì. Ìyàtọ̀ ńlá ni.

Ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe ara ọmọ ọwọ́. Mo kọ́kọ́ ń kun kánfáàsì ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa tó dà bí ilẹ̀ Ìbàdàn lẹ́yìn òjò. Nígbà tó bá gbẹ, màá fa àwọn ìlà tó dá igun mẹ́rin mẹ́rin sórí rẹ̀, màá sì fa irú wọn sórí fọ́tò, kí orí má bàa tóbi ju ara lọ. Lẹ́yìn náà ni màá fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ tí mo fi tẹpẹntáìnì là ya òjìji gbogbo. Èyí tó kàn ni ìmọ́lẹ̀: ọ̀dà funfun tó ki, tí mo tẹ̀ mọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á, bí iwájú orí, èjìká, àti orí ikùn. Ní ìpele yìí, ọmọ náà dà bí òkú, tòótọ́ ni mo sọ. Màá fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn náà ni mo tó ń fi pupa tó fẹ́lẹ́ bí omi tíì, tí òróró linseed pọ̀ nínú rẹ̀, fa orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti orúnkún. Ìmọ́lẹ̀ inú yàrá yóò gba inú pupa náà kọjá, yóò kan funfun nísàlẹ̀, yóò sì padà síta. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Ìbejì fi rí ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awọ. Ẹ̀rọ kò lè ṣe é, nítorí kò sí ìsàlẹ̀ nínú iṣẹ́ tirẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n fọwọ́ ya ohun tí ẹ rà lóòótọ́, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fò lórí kánfáàsì. Ipa búrọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ bá ohun tí a yà rìn: kí ó yí ká èjìká, kí ó gùn níbi irun. Àwọn kan ń tẹ àwòrán pẹ̀lú ẹ̀rọ, wọ́n á wá fi nǹkan tó dà bí gọ́ọ̀mù pa á lára kí ó lè rí págunpàgun. Ipa tiwọn máa ń lọ síbi tó wù ú, ó lè gba ojú èèyàn kọjá bọ́ sínú igi.

Fún àpẹẹrẹ tó lágbára jù, ẹ wo Lucretia tí Rembrandt yà ní ọdún 1666, tó wà ní Minneapolis ní Amẹ́ríkà. Ọ̀dà tó wà lára apá aṣọ rẹ̀ nípọn, ó rí págunpàgun bí èèpo igi, ọ̀bẹ ló sì fi tẹ ibòmíràn mọ́ ọn. Kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lè tẹ ìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Amòfin (Ìkẹjà)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òfin, nítorí kò gùn. Òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 dáàbò bo iṣẹ́ ọnà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é. Rubens kú ní 1640, Rembrandt ní 1669, bẹ́ẹ̀ náà ni Poussin ní 1665 àti Pietro da Cortona ní 1669, àwọn méjì mìíràn tó ya ìtàn àwọn obìnrin Sábínì. Kò sí ẹni tó lè dá yín lẹ́kun ẹ̀dà yíyà. Ohun tí kò bófin mu ni kí èèyàn tà á bí ojúlówó. Ní Louvre, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn ayàwòrán láyè láti ṣe ẹ̀dà láti ọdún 1793, ẹ̀dà kò gbọdọ̀ bá ojúlówó dọ́gba ní títóbi. Ó gbọ́dọ̀ fi ìdámárùn-ún kéré tàbí kí ó fi ìdámárùn-ún tóbi, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ ayàwòrán àkọ́kọ́ sí i. Ẹ ní kí ẹni tó bá ya tiyín kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn kánfáàsì.

Èyí tó wà lọ́kàn mi gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Sábínì. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pe àkọlé rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ ni èyí tí à ń pè ní ìfipábánilòpọ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ Látìn tó ti wá túmọ̀ sí kí èèyàn já nǹkan gbà, kí ó gbé e sá lọ. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì rò pé Ìjígbé Àwọn Obìnrin Sábínì ló bá a mu jù. Síbẹ̀, orúkọ tó rọ̀ kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ di rírọ̀. Romulus àti àwọn èèyàn rẹ̀ pe àwọn ará Sábínì, aládùúgbò wọn, wá síbi ọdún, wọ́n sì jí àwọn ọmọbìnrin àlejò náà gbé níṣojú bàbá àti ìyá. Èmi kò lè jẹun lábẹ́ rẹ̀.

Lucretia, obìnrin Róòmù kan tó ní ọkọ, ni mo fara mọ́. Ìtàn náà ní Sextus Tarquinius, ọmọ ọba, fipá bá a lò pọ̀. Ó ránṣẹ́ pe bàbá àti ọkọ rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láìfi nǹkan kan pamọ́, ó sì fi ọ̀bẹ gún ara rẹ̀ láyà. Brutus, ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀, fa ọ̀bẹ náà yọ, ó búra, wọ́n sì lé àwọn ọba kúrò ní Róòmù, ní ọdún 509 ṣáájú ìbí Kristi gẹ́gẹ́ bí ìtàn náà ṣe wí. Artemisia Gentileschi, obìnrin ayàwòrán tí wọ́n bí ní Róòmù ní 1593, ya Lucretia ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọ̀kan sì wà ní ilé àkójọ Getty ní Amẹ́ríkà. Ìwà ipá yìí ṣẹlẹ̀ sí òun náà nígbà èwe rẹ̀, ó sì jẹ́rìí nílé ẹjọ́ ní ọdún 1612. Ẹ wo bí Lucretia rẹ̀ ṣe gbójú sókè: kò bẹ̀bẹ̀, kò sì sunkún fún àánú ẹnikẹ́ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Látìn (Ilé-Ifẹ̀)

Mo gba ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ Amòfin, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á fi Poussin sílẹ̀ láìwò ó dáadáa, nítorí àwọn mìíràn á ka ìjíròrò yìí tí wọ́n á fẹ́ rà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ya ìtàn Sábínì: ọ̀kan, ti nǹkan bí ọdún 1633 sí 1634, wà ní Metropolitan Museum ní New York, èkejì, tó yà ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wà ní Louvre. Àwọn oníṣòwò ẹ̀dà máa ń da méjèèjì pọ̀. Nínú ti New York, Romulus dúró lókè lápá òsì, ó sì gbé aṣọ ìlékè pupa rẹ̀ sókè díẹ̀. Ìfarahàn yẹn ni àmì tí àwọn ọmọ ogun ń dúró dè. Bí ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà bá ya ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó kàn ń tún aṣọ ṣe, gbogbo rògbòdìyàn ìsàlẹ̀ ti di ohun tí kò ní orísun. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ti Pietro da Cortona, tó wà ní Capitoline níbi tí Rubens yín wà, ju mítà mẹ́rin lọ ní ìbú. Ẹni tó bá ní kí wọ́n sọ ọ́ di ìwọ̀n ojú tẹlifíṣọ̀n, ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ kò ní ju èékánná lọ.

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá Férémù, mo ti ronú lórí ikú Remus kí n tó rà á. Ìyá bàbá àwọn ọmọ mi béèrè ohun kan náà. Ìdáhùn mi ni pé Rubens kò ya ọjọ́ yẹn. Ó ya ọjọ́ tí ọba ti pàṣẹ pé kí wọ́n kú, tí omi kọ̀ láti gbé wọn lọ, tí ẹranko inú igbó sì fún wọn lọ́mú. Oṣù méje ni wọ́n bí tèmi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n sì lò nínú àpótí agbóná ilé ìwòsàn. Mo mọ ohun tí mo ń wò nígbà tí mo bá wo àwòrán náà.

Mo ti kọ ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ Látìn ṣàlàyé sílẹ̀, mo ya fọ́tò ẹyẹ ojúlówó àti ti tèmi sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo sì fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà. Ọlọ́dà, ẹ jọ̀wọ́, bí wọ́n bá kọ̀, ṣé ẹ̀yin lè bá mi tún un ṣe?

Ọlọ́dà Èkó

Mo lè tún un ṣe, ìyá mi. Ìbéèrè kan péré: ṣé wọ́n ti fi fáníìṣì pa á? Bí kò bá tíì tó oṣù mẹ́fà tí wọ́n parí rẹ̀, kò yẹ kí wọ́n ti pa á, nítorí ọ̀dà olóròóró máa ń pẹ́ kó tó gbẹ dénú. Bí kò bá sí fáníìṣì, iṣẹ́ náà á rọrùn.

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn)

Mo padà wá jábọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ilé iṣẹ́ náà dá ìdámẹ́rin owó náà padà fún mi, wọ́n ní kò sí ẹni tó sọ fún ayàwòrán àwọn pé ẹyẹ náà ní orúkọ. Mo gbé àwòrán náà lọ sí Èkó. Kò sí fáníìṣì lára rẹ̀.

Mo jókòó ti Ọlọ́dà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó fi abẹ fẹ́lẹ́ kan họ ẹyẹ náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan àwọ̀ ilẹ̀ pupa nísàlẹ̀, ó sì ní kí n wò ó: ẹni tó kọ́kọ́ fa ìlà àwòrán náà ti ya àgógó tó gùn tó sì tọ́, ẹlòmíràn ló kun odídẹrẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ìlà yẹn gan-an ni Ọlọ́dà tẹ̀ lé. Ó fi ọjọ́ méjì ya ìkòkò, ó sì fi ẹyọ búrọ́ọ̀ṣì kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ìpéǹpéjú fa funfun sí etí omi tó ń dà jáde nínú rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, tó jẹ́ Kẹ́hìndé, kọ́kọ́ nawọ́ sí ẹyẹ náà lálẹ́ ọjọ́ tí a gbé e délé, ó ní, "Màámi, kí ni ẹyẹ yẹn ń ṣe níbẹ̀?" Mo sọ fún un.

Lucretia ti Artemisia ni mo yàn fún ògiri kejì, Ọlọ́dà ló sì máa yà á. Ó ti fi ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò: ojú tó gbé sókè, ọ̀bẹ, ọwọ́ tó dì í mú, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Bàbá Férémù, àwòrán àwọn ìbejì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bíi ti ojúlówó, ṣùgbọ́n mítà kan sí mítà kan ni tèmi. Ẹ bá mi wá igi tó dúdú díẹ̀, kí ó má ta yọ ju ara ìkookò lọ, kí etí rẹ̀ má sì bo ẹyẹ náà mọ́lẹ̀.